Wáràǹtì Tí A Wá, Àti Èyí Tí A Rí

Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo ti bọ́ bàtà, mo ti bu ògì sínú ife, oorun ló kù. Fóònù dún. Àbúrò ìyàwó mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá dọ́là 1,500. Màá ṣàlàyé tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín."

"Níbo lo wà?"

"Mo wà níwájú ilé ìtajà kan."

"Kí lo fẹ́ rà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Gift card ni, sà."

Bó ṣe di pé ọ̀rọ̀ jáde nìyẹn. Ẹnì kan wà lórí fóònù rẹ̀ kejì tó ní ọlọ́pàá Sheriff lòun. Ó pe orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, ó sọ àdúgbò tó ń gbé, ó ní wáràǹtì méjì, ìyẹn ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú un, ló wà lórí ẹ̀ torí pé wọ́n pè é wá jókòó sí jury, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù, kò lọ. Kó má já fóònù o. Kó má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bó bá fi gift card san béèlì kó tó di ọ̀sán, wọn ò ní wá gbé e níbi iṣẹ́.

Mo ní, "Já fóònù yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mọ́tò ti wà lójú ọ̀nà."

"Já a. Máa bọ̀ nílé mi. Bí mọ́tò wọn bá dé, kí wọ́n wá bá wa níbí ká jọ mu ògì."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ gift card yẹn ti tó. Kò sí kóòtù kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó ń fi gift card gba béèlì. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: green card ni ọmọkùnrin yìí ní. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ kò lè jókòó sí jury. Ìwé ìpè lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, torí láti inú orúkọ àwọn tó ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ni Texas ti ń ṣa orúkọ, pẹ̀lú ti àwọn olùdìbò, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣe ò ju kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, kó dá a padà.

Kí n tó sùn, mo rò ó pé ohun tó máa bá ọmọ yìí lọ́kàn kò ní kúrò bí mo bá kàn sọ fún un pé irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ ọlọ́pàá sí létí bẹ́ẹ̀, yóò máa wo ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́fà. Mo ní ká ṣí kọ̀ǹpútà, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí nǹkan kan. Bí mo ṣe fẹnu ara mi ra wàhálà nìyẹn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ, torí owó ló ná mi. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo fẹ́ gba iṣẹ́ kan, mo wá ń bẹ̀rù tíkẹ́ẹ̀tì kan tí mo rò pé mo ti san. Mo tẹ ọ̀rọ̀ nípa wáràǹtì sí Google, ibi àkọ́kọ́ tó jáde ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n gba orúkọ mi, wọ́n jẹ́ kí nǹkan kan máa yí lórí ẹ̀rọ bíi pé wọ́n ń wá inú gbogbo àkọsílẹ̀ ayé, wọ́n ní wọ́n ti rí nǹkan, nǹkan ọ̀hún sì burú, àfi kí n san owó kékeré kí n tó rí i. Mo san án. Ohun tí mo rí ni àwọn èèyàn mẹ́rìnlá tí orúkọ wọ́n jọ tèmi, ọ̀kan ní Georgia, ọ̀kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n wá ń yọ owó lórí káàdì mi lóṣooṣù. Ìsàlẹ̀ pátápátá lójú ìwé wọn, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ wọn yẹ ẹni tó ń wáṣẹ́ wò. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ni mí! Ohun tí wọ́n tà fún mi, ọ̀fẹ́ ni ní kóòtù.

Wáràǹtì ni gbogbo wa ń pè é, àmọ́ oríṣi méjì tó yàtọ̀ síra ni. Ọ̀kan ni ìwé àṣẹ adájọ́ pé kí wọ́n lọ mú ẹni báyìí. Èkejì ni àṣẹ pé kí wọ́n lọ tú ilé báyìí, kí wọ́n wá nǹkan báyìí níbẹ̀. Èyí tó ní kí wọ́n mú èèyàn lè wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Èyí tó ní kí wọ́n tú ilé kì í dàgbà. Màá padà sórí ẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn wa láàmú ni pé wọ́n rò pé ìwé ńlá kan wà níbì kan tí gbogbo wáràǹtì wà nínú ẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ọlọ́pàá ni. FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní NCIC, ó ti wà láti 1967, ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lójú títì, tó gba láísẹ́ǹsì yín, tó padà lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tó dà bí wákàtí méjì, irú ibẹ̀ ló ń wò. Èmi àtẹ̀yin ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa ni pé ká máa lọ láti ojúlé kan dé òmíràn, kóòtù kan lẹ́yìn òmíràn.

Texas ní kaúńtì 254, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa nílé. Harris County tí mò ń gbé, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 4.7 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wáràǹtì wà, ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni: ta ló kọ tíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀ṣẹ̀ wo sì ni? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn.

Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, àti ẹ̀ṣẹ̀ tó kéré sí i ṣùgbọ́n tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní Class A àti Class B, ọ̀dọ̀ District Clerk, akọ̀wé kóòtù, ni àkọsílẹ̀ wọn wà ní Harris. Ẹ máa fi orúkọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọdá sí Fort Bend, kaúńtì tó bá wa pààlà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa kó lọ sí Missouri City àti Richmond, Class A àti B ti kúrò lọ́dọ̀ District Clerk níbẹ̀, ọ̀dọ̀ County Clerk, akọ̀wé kaúńtì, ni. Mo mọ ẹnì kan tó wá orúkọ ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo ní Fort Bend, tó ní ọkàn òun ti balẹ̀. Ìdajì ìwé ló kà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, Class C nìyẹn, owó ìtanràn nìkan ni, kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Òun ló wá le jù láti wá. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú Houston ló kọ ọ́, kóòtù ìlú Houston ni. Bó bá jẹ́ Constable, ìyẹn ọlọ́pàá agbègbè nínú kaúńtì, tàbí Sheriff, ọlọ́pàá kaúńtì, tàbí trooper, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ó ti di ti àwọn Justice of the Peace, adájọ́ ẹjọ́ kéékèèké, tí a kàn ń pè ní JP. Kóòtù JP mẹ́rìndínlógún ló wà ní Harris County, méjì méjì ní agbègbè mẹ́jọ. Bellaire ní kóòtù tirẹ̀. Pasadena ní tirẹ̀. Ẹ lè wa mọ́tò láti ibi iṣẹ́ dé ilé ní ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ gba ilẹ̀ kóòtù mẹ́rin kọjá, kẹ́ ẹ má sì mọ̀.

Àbúrò dé. Ó jókòó sẹ́bàá mi, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ìyàwó mi fún un ní omi. A bẹ̀rẹ̀. District Clerk: kò sí nǹkan kan. Kóòtù ìlú Houston: kò sí nǹkan kan. Àwọn kóòtù JP ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè wá ẹjọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún wà níbẹ̀. Mo tẹ orúkọ ìdílé rẹ̀ síbẹ̀, mo tẹ orúkọ tirẹ̀, mo tẹ ọjọ́ ìbí. Kò sí nǹkan kan.

Mo ní, "O ò ri? Olè ni wọ́n."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ní, bíi ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì wo?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn nígbà yẹn, ìyẹn 2019, kò tíì gba láísẹ́ǹsì Texas. Constable kan dá a dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ó gba láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba pásípọ́ọ̀tù kún un, ó kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ, ó ní kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Ó rò pé ìkìlọ̀ ni. Kò mọ̀ pé ìlérí ló fọwọ́ sí, pé òun á yọjú sí kóòtù.

Inú mi bà jẹ́ díẹ̀, àmọ́ bí a bá ń sunkún a máa ń ríran. Mo wo pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dáadáa. Orúkọ ìdílé ló wà lókè, bí ó ṣe máa ń wà nínú tiwa. Orúkọ rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀. Ká ní Adébáyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀, tí òun sì ń jẹ́ Olúṣẹ́gun. Òyìnbó tó wo ìwé náà lálẹ́, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, yóò kọ èyí tó kọ́kọ́ rí sí ibi orúkọ àkọ́kọ́. Adebayo di orúkọ ọmọ. Olusegun di orúkọ ìdílé. Lójú Texas, ẹlòmíì ni.

Mo yí i padà, mo tẹ Olusegun síbi ìdílé. Ó ṣì kọ̀. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé ni ìyàwó mi tó ń gé àlùbọ́sà lẹ́yìn wa sọ pé, "Dádì wọn, ẹ yí ọjọ́ ìbí náà padà." Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ni wọ́n bí i. Àwa a máa kọ ọ́ 9/5. Tí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ni. A yí i.

Ẹjọ́ méjì jáde.

Àkọ́kọ́ ni eré àsápajúdé. Èkejì ni pé kò yọjú sí kóòtù. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, tó ní owó ìtanràn tirẹ̀. Wọ́n kọ wáràǹtì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn gbájúẹ̀ ní wáràǹtì méjì. Wáràǹtì méjì ló wà. Wọn ò mọ̀, irọ́ lásán ni wọ́n pa, irọ́ ọ̀hún ló wá bọ́ sójú òótọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ibo ni lẹ́tà kóòtù wá gbà? Alief, àdúgbò kan ní Houston, ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, yàrá kan tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó wá gba láísẹ́ǹsì Texas, ilé tuntun ló fi gbà á, ó sì ti kó kúrò níbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá kó ni kó ti jẹ́ kí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì mọ̀. Ta ló ń ṣe é nínú wa? Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni a máa ń yí padà, ti báǹkì, ti Amazon.

Ìbéèrè tí ìyàwó mi kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọn ò ní wá tú ilé wa báyìí tó ti wà níbí?" Ìbéèrè gidi ni, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì ti dáhùn rẹ̀. Ní 1980, nínú ẹjọ́ Payton, wọ́n ní ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní wáràǹtì kó tó wọ inú ilé èèyàn láti mú un, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Steagald, wọ́n wá fi kún un: bí wáràǹtì bá wà lórí ẹnì kan, ìyẹn ò fún ọlọ́pàá láṣẹ láti wọ ilé ẹlòmíì lọ wá a. Ilé tèmi nílò ìwé àṣẹ ìtúlé tirẹ̀, àfi bí mo bá fẹnu ara mi ní kí wọ́n wọlé. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyàwó mi. Ó ní ó ti dáa, ṣùgbọ́n kí àbúrò òun máa lọ sí kóòtù lọ́la.

Ẹ̀rù kóòtù yìí ló ń pa àwọn èèyàn wa jù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣe ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, a wá gbé e dé ibi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: láti 2017, òfin Texas ti ní bí wáràǹtì bá wà lórí ẹni tí kò yọjú fún ẹjọ́ Class C, tí ẹni náà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí wọ́n tó mú un, tó sì fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn, dandan ni fún adájọ́ láti fa wáràǹtì yẹn padà. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń sọ o. Bó bá jẹ́ Class A, Class B tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ rí lórí orúkọ yín, ẹ má fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bi ọ́fíìsì Sheriff bóyá wọ́n ń wá yín. Wọ́n á dáhùn, ẹ ò sì ní padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Lọ́yà lẹ máa wá, òun ló máa lọ wo ìwé náà, tó máa ṣètò béèlì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọjú.

Ohun mìíràn wà tó mú kí n kánjú. Ọmọ yìí fẹ́ kọ ìwé láti di ọmọ onílẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n á bi í bóyá wọ́n ti mú un rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí owó ìtanràn rẹ̀ kò tó $500, tí wọn ò mú un sí, kò ṣòro. Wọn ò tiẹ̀ ní béèrè ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi wáràǹtì yẹn mú un, kódà fún alẹ́ kan, ó ti di ẹni tí wọ́n mú rí. Nǹkan kékeré ti di nǹkan tí ó máa ṣàlàyé fún òyìnbó lójúkojú. Lọ́dọọdún sì ni ọ̀pọ̀ ìlú àti kaúńtì Texas máa ń kóra jọ ní ìparí February sí March láti lọ mú àwọn tó ní irú wáràǹtì tíkẹ́ẹ̀tì yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ kéde rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè wá sanwó. Oṣù January la wà lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò sùn, mo tẹ̀lé e. Ilé pẹlẹbẹ kan ni, àwọn tó ń gba owó nọ́ńbà mọ́tò wà lápá kan, Constable wà lápá kejì, kóòtù wà láàárín. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kó yọ bẹ́líìtì. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lára ìdè bẹ́líìtì náà, ó yọ ọ́ títí, kò yọ. Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì, ó wọ súẹ́tà, ó béèrè ọjọ́ ìbí. Ọmọ yìí la ẹnu, ó ní, "Nine, five..." Mo fi ìgúnwọ́ gún un. Ó tún un sọ. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò rí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún fi ti tẹ́lẹ̀ wá a, kí ẹ sì fi orúkọ tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ orúkọ ọmọ síbi orúkọ bàbá." Ó wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀ bíi pé mo fẹ́ jí nǹkan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ah."

Adájọ́ pe gbogbo àwọn tó wá láìní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fa wáràǹtì méjèèjì padà níbẹ̀. Ó sọ fún un pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwakọ̀ tí ì bá fi pa tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ rẹ́, ọjọ́ tó yẹ kó béèrè fún un ti kọjá tipẹ́. Ó ní kó máa san owó díẹ̀díẹ̀, $50 lóṣù. Bí kò bá lówó rárá, ó ní kó sọ, iṣẹ́ ìlú wà tó lè fi dípò rẹ̀. Ó dá a lóhùn pé òun á san án. Kò sí ẹni tó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ní ìta, ó tọ̀ mí wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn òyìnbó, mo ní kó dìde, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ìtúlé, torí ìyẹn ni àwọn èèyàn máa ń pè mí lé lórí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti tàn kálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. "Ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n fẹ́ wá tú ilé mi." Mi ò lè wò ó. Kò sí ẹni tó lè wò ó. Ọlọ́pàá á lọ bá adájọ́ ní ìkọ̀kọ̀, á búra, á kọ ìdí tó fi gbà pé nǹkan báyìí wà nílé báyìí, bí adájọ́ bá gbà, á fọwọ́ sí i. Bí ìwé náà bá wà níta káwọn èèyàn máa kà á, kí ni wọ́n máa bá nílé nígbà tí wọ́n bá dé? Ní Texas, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ní láti lò ó, láìka ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí wọ́n lọ, àfi irú bíi ti DNA tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ibi kankan tó bá ní òun lè fi ìwé àṣẹ ìtúlé tó ń bọ̀ hàn yín, owó yín ló ń wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ilé tán ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún mọ́tò ṣe, wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí oníbàárà kan tó gbé mọ́tò síbẹ̀. Ó pè mí, ó ń pariwo. Mo ní kó wo orí tábìlì. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀ lábẹ́ sípánà kan: ẹ̀dà àṣẹ náà, àti àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n kó lọ. Fóònù méjì. Àpò ìwé risíìtì kan. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kan. Òfin ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun ti fẹ́ fi nu ọwọ́ tó kún fún epo. Ìwé tó ṣe pàtàkì jù ò sí níbẹ̀ ṣá o, ìyẹn èyí tí ọlọ́pàá fi búra fún adájọ́. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù la ti lọ wá a, pẹ̀lú ọjọ́ àti àdírẹ́sì. Bí wọ́n bá ti lo àṣẹ náà, ìwé ìbúra yẹn ti di ti gbogbo ayé ní Texas, àfi bí ìjọba bá ní kí wọ́n dì í fún ọgbọ̀n ọjọ́. Tirẹ̀ kò dì. Nígbà tí a kà á, a rí i pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, mọ́tò oníbàárà yẹn nìkan ni. Ó wá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n ka ìwé ìbúra yẹn, torí ní Houston níbí, irọ́ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pa èèyàn. Ní January 28, 2019, ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn wọ ilé kan ní òpópónà Harding. Wọ́n yìnbọn pa tọkọtaya tó ń gbé níbẹ̀, Dennis Tuttle àti Rhogena Nicholas. Ìbọn ba àwọn ọlọ́pàá náà. Nínú ìwé tí Gerald Goines, ọlọ́pàá tó lọ gba àṣẹ náà, fi búra fún adájọ́, ó ní ẹnì kan bá òun ra heroin nílé yẹn. Kò sí ẹni tó rà á. Kò sí heroin níbẹ̀. Ní 2024, jury ní ó jẹ̀bi ìpànìyàn, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n 60 ọdún. Ká ní kò sẹ́ni tó padà lọ ka ìwé yẹn gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kó máa béèrè pé ta ni ẹni tó rà á, ọjọ́ wo, níbo?

Bó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń wá èèyàn, kaúńtì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹjọ́ wọn wà ní PACER, ibi tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé ẹjọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sẹ́ǹtì 10 lójú ìwé kan, kò sì ní ju $3 lọ lórí ìwé kan, ọ̀fẹ́ ni bí owó yín ní oṣù mẹ́ta kò bá kọjá $30. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò tíì fi mú èèyàn, wọ́n sábà máa ń dì í pa ni. Ti ìmígíréṣọ̀n tún yàtọ̀. Ìwé tí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, tí kì í ṣe adájọ́, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kóòtù kaúńtì kankan. Nọ́ńbà A, ìyẹn nọ́ńbà tí ìmígíréṣọ̀n fún yín tó wà lórí ìwé yín, lẹ máa fi wo ẹjọ́ yín lọ́dọ̀ kóòtù ìmígíréṣọ̀n. Mo ti rí ẹni tó wá gbogbo Harris County, tó rí i pé ó mọ́ tónítóní, tí kò sì mọ̀ pé adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ti pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà sí ìlú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, torí lẹ́tà ọ̀hún náà lọ sí ilé àtijọ́.

Nípa àbúrò ìyàwó mi, ó san $50 rẹ̀ títí ó fi tán. Lọ́jọ́ tó san èyí tó kẹ́yìn, ó bẹ obìnrin onísúẹ́tà yẹn pé kó bá òun tún orúkọ náà ṣe. Ó ní òun ò lè pa èyí tí ọlọ́pàá kọ rẹ́, òun lè fi èyí tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Èèyàn méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn méjèèjì ni òun. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Constable ò wolé kankan. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wo orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀ ẹ́: orúkọ ní ọ̀tún, orúkọ ní òdì, ọjọ́ ìbí ti Ìbàdàn, ọjọ́ ìbí ti Texas.